Agolo Tó Wà Nínú Ògiri Ìyáàfin Stitt

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ojora tó mú mi: mo purọ́ mọ́ ènìyàn nítorí ògiri. Ẹni tí mo purọ́ mọ́ kò ṣẹ̀ mí rí. Ògiri náà pàápàá kò bẹ̀ mí pé kí n gbèjà òun.

Leora Weppler ni orúkọ mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì padà sí Tansley Ford, abúlé wa ní Ontario, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nínú ìtọ́jú ilé àtijọ́. Ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ ló wà ní abúlé wa. Mo mọ ọjọ́ orí gbogbo wọn. Ọjọ́ ìbí ìyá mi ni mo máa ń gbàgbé.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni ilé bíríkì tó wà ní oríta. Josiah Tansley, ẹni tó ni ọlọ ìyẹ̀fun láyé ọjọ́un, ló kọ́ ọ ní 1874, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria wà lórí oyè. Bíríkì pupa ni gbogbo ara rẹ̀, bíríkì aláwọ̀ bọ́tà ni wọ́n fi ṣe igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì gbẹ́ pákó bíi léèsì sí etí òrùlé rẹ̀. Tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí i, mo máa ń dúró wò ó títí àwọn awakọ̀ á fi máa fun fèrè mọ́ mi.

Ìyáàfin Verna Stitt ló ń gbé inú rẹ̀. Opó ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Òtútù sì ń jẹ ẹ́ níyà nínú ilé ẹlẹ́wà yìí.

Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ogún Àtijọ́ ti abúlé wa. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta ń wá nítorí bisikíìtì. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Kell, alága wa, ń wá nítorí àga onítìmùtìmù tó máa ń sùn lé. Nítorí náà, èmi nìkan ni ìgbìmọ̀.

Mo kọ ìwé ẹlẹ́wé mọ́kànlá nípa iyì ilé náà. Gbogbo ohun tí mo rí gbọ́ nípa Josiah Tansley ni mo kó síbẹ̀, kò sí èyí tó kéré jù. Àwọn ìgbìmọ̀ abúlé fọwọ́ sí i, wọ́n kan pátákó idẹ mọ́ ara ilé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ojú rẹ̀ padà.

Mo gbé ẹ̀dà ìwé náà lọ fún Ìyáàfin Stitt bí ẹni gbé ẹrù ìdána lọ. Ó fi itọ́ sí ìka, ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Josiah Tansley wà níbí," ó ní. "Ẹṣin rẹ̀ wà níbí. Ó ti di ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tí mo ti ń gbálẹ̀ ilé yìí, Leora. Mi ò rí ara mi."

"Ìwé nípa ilé ni, mà."

"Ó dáa náà. Ṣé ilé ló wá ń gbá ara rẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣe àwàdà.

Nígbà tó yá, ó kọ lẹ́tà sí wa pé òun fẹ́ yọ àwọn fèrèsé onígi, kí òun fi oníke tuntun sí i, torí afẹ́fẹ́ ń gba inú wọn wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Mo dìde ní ìpàdé. Mo sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú.

"Òfin tó mú àwọn olówó etí odò gbọ́dọ̀ mú gbogbo wa," mo ní. "Bí a bá fojú fo ti Ìyáàfin Stitt nítorí pé a fẹ́ràn wọn, ojúsàájú ni. Èmi ò sì ní bá yín lọ́wọ́ sí ojúsàájú!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Kell jí, òun náà pàtẹ́wọ́.

Ìyáàfin Stitt jókòó sẹ́yìn nínú kóòtù ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ó nawọ́ sókè. "Leora, ọmọ mi, òdodo tí ò ń sọ yìí, ṣé ó máa ń múni móoru?"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pé "wọ́n béèrè ìbéèrè kan."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni ògiri ìhà àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ohun tí wọ́n fi so bíríkì pọ̀ ti jẹ tán, pẹ́ńsù lè wọ àárín wọn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Bíríkì ayé ọjọ́un rọ̀. Ẹfun sísun tí wọ́n pò mọ́ yanrìn ni wọ́n fi so ó pọ̀. Bí omi bá wọ ògiri, ara ẹfun yẹn ló máa ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n bí o bá fi símẹ́ǹtì dí i, omi á há sínú bíríkì. Yìnyín á dé, omi á dì, á wú, ojú bíríkì á sì máa bó bí èèpo ẹ̀pà.

Kò sí ẹni tó mọ èyí ju èmi lọ. Èmi ni mo tẹ ìwé pélébé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. SÍMẸ́ǸTÌ Ń PA ILÉ, báyìí ni mo kọ ọ́, pẹ̀lú àwòrán agbárí òkú.

Bíríkìlà kan ṣoṣo ló mọ iṣẹ́ ẹfun lágbègbè wa. Mo pè é.

"Oṣù Karùn-ún ọdún tó ń bọ̀," ó ní.

"Oṣù Kẹwàá yìí ni mo fẹ́!"

"Ẹfun kì í fẹ́ òtútù, arábìnrin. Ó yẹ kó o mọ̀."

Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí láti fi ilé náà han àwọn àlejò kan láti ìlú ńlá, àwọn tó ń kọ ìwé nípa àwọn abúlé tó tọ́jú ilé wọn dáadáa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹta nínú oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń bọ̀. Mo sì ti ń rí àwòrán ara mi nínú ìwé náà: Leora Weppler, ó gbára lé ògiri, ó ń wo ọ̀ọ́kán.

Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ọdún ìkórè wa tó máa ń bọ́ sí oṣù Kẹwàá, ló wá dán mi wò. Ìyáàfin Stitt fẹ́ lọ jẹ tòlótòló lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kí n máa fún ológbò rẹ̀ lóúnjẹ.

"Àárín àwọn bíríkì yẹn ńkọ́?" ó bi mí.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, mà. Èmi fúnra mi ni máa fi ẹfun ṣe é."

Mo wakọ̀ lọ sí ìlú kan tó jìn tó ogójì kìlómítà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí, bí ẹlẹ́sìn tó fẹ́ ra ọtí nígbà ààwẹ̀. Àpò símẹ́ǹtì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà. Mo kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbé mẹ́rin.

Ọmọkùnrin tó ń tajà bi mí pé, "Kí lẹ fẹ́ fi kọ́?"

"Ilé ajá," mo ní.

"Ajá yín á tóbi o."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi dí ògiri náà. Mo po símẹ́ǹtì mọ́ tíì tútù àti ẹ̀kúnná bíríkì kó lè rí bí ohun àtijọ́. Ó jọ ọ́, bí o bá di ojú kan. Ìyá mi pè mí pé kí n wá jẹun. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ológbò jókòó sórí fèrèsé, ó ń wò mí bí adájọ́.

Ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tó tẹ̀ lé e báyìí. Ohun kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo àwa tó ń tọ́jú ilé àtijọ́: ohunkóhun tí o bá ṣe sí ilé, kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo lè purọ́ fún Ìyáàfin Stitt. Mo lè purọ́ fún gbogbo abúlé. Àmọ́ kí n fi àwọn tí a kò tíì bí sínú òkùnkùn? Ẹ̀rí ọkàn mi ò gbà.

Mo kọ lẹ́tà. Mo fi í sínú agolo bisikíìtì, mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú ìda oyin wé e, mo fi okùn dì í, mo ta kókó sí i lọ́nà tí wọ́n ń gbà ta á láyé ọjọ́un. Mo fa bíríkì kan tó ti tú yọ, mo tì í sẹ́yìn rẹ̀, mo sì pa á dé. Mo sunkún díẹ̀. Lójú ara mi, èèyàn rere ni mí.

Àwọn àlejò dé. Wọ́n ya àwòrán. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ pa ògiri, ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́!" Wọ́n jẹ páì elégédé Ìyáàfin Stitt tán pátápátá, wọ́n lọ.

Ní oṣù Kẹta, nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, Ìyáàfin Stitt pè mí lórí fóònù.

"Leora, wá wo ilé rẹ. Ó ń bó bí ẹni tí oòrùn pa."

Ojú bíríkì ti já sílẹ̀ káàkiri, pupa bẹẹrẹ lórí yìnyín. Ọ̀gbẹ́ni Kell dé pẹ̀lú àwọn ìgbìmọ̀ wa yòókù, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ha àárín bíríkì méjì. Kọ́kọ́rọ́ ló tẹ̀.

"Símẹ́ǹtì ni," ó ní. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Ẹfun ni mo lò o," mo ní. "Ẹlòmíràn ló wá kun nǹkan lé e."

"Ta ni?"

"Duane Pogue ra símẹ́ǹtì lọ́sẹ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ yẹn," ni Ọ̀gbẹ́ni Kell wí. "Mo rí i lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀."

Duane ni ẹni tó máa ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ káàkiri abúlé. Òun ló ń la igi ìdáná Ìyáàfin Stitt, òun ló ń kó yìnyín kúrò lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tí Duane kò bá tún ilẹ̀kùn ṣe rí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, "rárá" ni ọ̀rọ̀ náà. Kò gùn.

"Duane fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́," mo ní. "Bóyá ó rò pé òun ń tún un ṣe ni."

Mi ò sọ pé òun ni. Mo kàn sọ ọ́ lọ́nà tí kò fi lè jẹ́ ẹlòmíràn.

Ìyáàfin Stitt wò mí. 

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti gba iṣẹ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ Duane. Ṣọ́ọ̀ṣì wá ẹlòmíràn. Àwọn tó máa ń pè é pé kó wá wo ẹ̀rọ omi wọn kò pè é mọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ abúlé sì kọ̀wé pé bí ògiri náà ò bá sàn kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, àwọn á yọ pátákó idẹ. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń dúró de ọjọ́ yẹn: ọkùnrin kan tó fẹ́ kọ́ ilé epo sí oríta.

Duane wá bá mi nílé. Ó bọ́ fìlà.

"Leora, o mọ̀ mí. Ilẹ̀ ilé adìẹ ni mo fi símẹ́ǹtì yẹn ṣe. Wá wò ó. Kí àwọn adìẹ jẹ́rìí mi."

"Kò sí ẹni tó ń bínú sí ọ, Duane," mo ní. "Ká ṣáà kọ́gbọ́n níbẹ̀ ni."

Mo wá mú ìwé pélébé mi, èyí tó ní agbárí òkú, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó gbà á. Ó ní, "O ṣé."

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó yẹ kó tì mí.

Nígbà tí bíríkìlà ẹfun dé ní oṣù Karùn-ún, Duane ní òun á bá a yọ àwọn bíríkì tó bàjẹ́, òun ò gba nǹkan kan. "Èmi kọ́ ni mo ṣe é," ó sọ fún Ìyáàfin Stitt, "ṣùgbọ́n òtútù ò mọ ẹni tó ṣe é."

Ọjọ́ kẹta, ó fa bíríkì kan yọ, ó sì rí agolo.

Kò ṣí i. Ẹ ò rí i bí? Duane tí mo bà lórúkọ jẹ́ ti ka ìwé pélébé mi, ó mọ̀ pé wọn kì í ṣí ohun àtijọ́ láìsí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ó gbé e lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Kell. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo abúlé ti gbọ́ pé wọ́n rí àpótí Josiah Tansley.

"Wúrà ni," ni ẹni tó ń ta bọ́tà wí.

"Lẹ́tà tó kọ sí ìyàwó olùṣọ́àgùntàn ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ìyá mi àgbà sọ ọ́."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n kún gbọ̀ngàn dẹ́nu ọ̀nà. Ìyáàfin Stitt wà níwájú pátápátá. Duane wọlé pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé agolo bí ẹni gbé ọmọ lọ ṣèrìbọmi. Mo ti mọ kókó okùn yẹn kó tó dé àárín gbọ̀ngàn. Èmi ni mo ta á.

"Ta ló yẹ kó ṣí i bí kò ṣe Leora wa?" ni Ọ̀gbẹ́ni Kell kígbe. Ojú rẹ̀ là kedere, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì.

Wọ́n ti ní ìbọ̀wọ́ funfun nílẹ̀ fún mi. Duane gbé agolo síwájú mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí: "Mo rò pé èyí á tún orúkọ mi ṣe díẹ̀."

Mo tú okùn. Mo ṣí ìwé. Ìwé mi ni, ọwọ́ mi ni.

"Kà á! Kà á!"

Mo lanu. "'Èmi, Josiah Tansley,'" mo ní.

Gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀.

"'...ẹni tó ni ọlọ yìí, mo kọ èyí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi ní ọdún 1874...'"

Ó ń wá fúnra rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ń dùn. Mo fún un ní ọmọ kan tó kú. Mo fún un ní ikọ́. Mo jẹ́ kó bẹ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé kí wọ́n ṣọ́ ilé òun. Ọ̀gbẹ́ni Kell ń nu ojú. Mo ti fẹ́ fi ikọ́ yẹn pa á nígbà tí Ìyáàfin Stitt wúkọ́.

"Dúró ná," ó ní. "Josiah Tansley kò mọ̀wé kọ."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i.

"Ìwọ lo kọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, Leora. Ojú ewé kẹta. O ní àmì àgbélébùú ló máa ń fà sí ìdí ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé rẹ. Ara mi ni mò ń wá níbẹ̀."

Ó dìde, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó wọ awò ojú rẹ̀.

"Bírò búlúù," ó ní. Ó nà án sí Duane. "Ìwọ ni kó o kà á. Orúkọ tìrẹ ló bàjẹ́."

Duane kì í kàwé yára. Ó kà á bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn.

"'Sí ẹ̀yin tí ẹ ó ṣí èyí lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Símẹ́ǹtì ni mo lò. Mo mọ̀ pé kò dára. Àyè ò sí. Mo sọ fún wọn pé ẹfun ni. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ òtítọ́ fún. Ẹ dárí jì mí. Leora Weppler.'"

Ohùn kan ti ẹ̀yìn wá: "Ọgọ́rùn-ún ọdún kẹ̀? Kò tó oṣù mẹ́jọ!"

Ẹ̀rín bú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń dún. Duane kò rẹ́rìn-ín. Ó ká ìwé náà padà bí mo ṣe ká a.

"O fún mi ní ìwé pélébé," ó ní. Ìyẹn nìkan ló sọ. Ó bọ́ táì, ó jáde.

Ìyáàfin Stitt kò pariwo. "Àwọn tí a kò tíì bí, o bẹ̀ wọ́n," ó ní. "Ẹni tó ń la igi níwájú rẹ, o ò rí i bẹ̀."

Wọ́n yọ mí kúrò nínú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ibo mẹ́rin sí òdo, kò sì sí ẹni tó sùn.

Mo lọ sí ilé adìẹ Duane lọ́sẹ̀ kejì. Mo rí ilẹ̀ rẹ̀: símẹ́ǹtì tó dán, tó tẹ́jú, ó dára ju iṣẹ́ mi lọ fíìfíì. Mo ní mo jẹ̀bi. Mo ti lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́ níbi tí ìwé agbárí òkú wà tẹ́lẹ̀. Duane ń da oúnjẹ sílẹ̀ fún adìẹ. Ó jẹ́ kí gbogbo wọn jẹ tán.

"Ọ̀la, aago méje àárọ̀," ó ní. "Mú ìbọ̀wọ́ wá. Kì í ṣe funfun."

Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi òòlù àti irin pẹlẹbẹ ha símẹ́ǹtì mi kúrò, ìwọ̀n ìka kan lẹ́yìn ìka kan, kí n má bàa fọ́ bíríkì. Duane ni ọ̀gá mi. Àwọn èèyàn máa ń rọra wakọ̀ kọjá.

"Leora! Ẹ̀rí ọkàn ńkọ́? Ṣé òun náà ń bó?"

Mo gbà fún wọn. Ohun kan tún wà tí mo ní láti jẹ́wọ́. Òfin gbà kí ènìyàn fi gíláàsì kejì sí inú fèrèsé onígi láti inú ilé. Mo mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ fún Ìyáàfin Stitt torí kò wù mí lójú. Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ kí obìnrin yìí máa wọ kóòtù sùn, tí mo sì ń pè é ní òdodo. Duane fi gbogbo rẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ méjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jà fún ohun tó tọ́ bíi tèmi, ẹ máa jà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ka iye bíríkì, ẹ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ béèrè bóyá ẹni tó wà nínú ilé ti jẹun.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, ó ku bíríkì kan. Pátákó idẹ ṣì wà lára ilé. Duane gbé agolo tuntun wá. Òun àti Ìyáàfin Stitt jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, wọ́n ń kọ̀wé. Mo dúró níta, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n kọ ọ́ pẹ́. Wọ́n jáde, Duane ti agolo náà sínú ihò.

"Kí lẹ kọ?" mo bi wọ́n.

"Ìtàn ilé," ni Ìyáàfin Stitt dáhùn. "Lọ́tẹ̀ yìí, mo wà níbẹ̀."

"Èmi ńkọ́? Ṣé mo wà níbẹ̀?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo Duane. Duane yíjú sí ibòmíràn kó má bàa rẹ́rìn-ín.

"Bíríkì, Leora," ni Ìyáàfin Stitt wí. "Gbé bíríkì wá."

Mo gbé e wá.